Kí O Tó Fi Ọ̀dà Pupa Kan Ògiri Wọn

Ilare, Ilé-Ifẹ̀.

Mojísọ́lá ọmọ mi,

Bí wọ́n bá rán ènìyàn níṣẹ́ tí kò tọ́, tí ó sì lọ jẹ́ ẹ, ta ló ni iṣẹ́ náà: ẹni tó ránni ni, àbí ẹni tó jẹ́ ẹ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo yí sí ọ̀tún, mo yí sí òsì, mo dìde mu omi, mo padà dùbúlẹ̀, ó ṣì jókòó tì mí bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ ilé. Nígbà tó yé mi pé oorun kò ní wá, mo fa àga mọ́ tábìlì. O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ èrò ọkàn mi sílẹ̀ lóru, fún ara mi nìkan. Ti òní, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Màmá rẹ ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ láàárọ̀. Òun ni yóò mú un wá pẹ̀lú èlùbọ́ àti ata gígún tí o ní kó bá ọ mú bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lánàá ló fà á. Inú rẹ dùn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ, inú tèmi náà sì kọ́kọ́ dùn.

“Dádì, wọ́n ti fún mi ní mọ́tò! Hílúùsì! Àti àwọn ọmọkùnrin tí yóò máa tẹ̀ lé mi.”

Mo ní, “Kí lẹ fẹ́ lọ fi wọ́n ṣe?”

“Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́yìn páàkì. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn. Bó bá di ọjọ́ Ajé, katakata á dé wá wó wọn.”

“Ṣé ẹ ti fún àwọn tó ni wọ́n ní ìwé ìkìlọ̀?”

O rẹ́rìn-ín. “Dádì, ẹ tún ti dé! Alága ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìwé kọ́ lèyí. Wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ yẹn ò dìbò fún àwọn. Wọ́n sì kọ́lé sórí gọ́tà náà.”

“Gbogbo wọn ló wà lórí gọ́tà?”

O ní, “Àwọn kan nínú wọn ni. Ṣùgbọ́n àṣẹ ti wá láti òkè, Dádì. Èmi kọ́ ni mo ni ín.”

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. O ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ìṣètò ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, wọn ò tíì mọ orúkọ rẹ dáadáa, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sí ọ lọ́wọ́. Ilé tí o bá sì fi sàmì sí, wíwó ló kàn.

Mo sọ fún màmá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Tíṣà Gọ́fúmẹ́ńtì! Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ṣì ń wá kíláàsì kiri. Ọmọ tó jókòó sílé títí tí ojú fi ń ti èmi láti kí àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, ẹ fẹ́ fi ìwé yín lé e kúrò níbẹ̀.”

Mo ní, “Màmá Mojí, ẹ̀rù ló ń bà mí.”

“Ẹ̀rù kí ni? Ṣé òun ló ni ìjọba ni?”

O rí i, ọ̀rọ̀ tí ìwọ sọ náà ni. Bóyá èmi nìkan ni mo ń rí i ní ọ̀nà mìíràn. Bóyá ọjọ́ orí ló ń dà mí láàmú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, kí o wá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ.

Èkíní. Agbára kì í ṣe àṣẹ. Ọdọọdún ni mo máa ń kọ ọ́ sára pátákó nínú kíláàsì Gọ́fúmẹ́ńtì, àwọn ọmọ ń dà á kọ, wọ́n ń gbàgbé rẹ̀ bí wọ́n bá ti jáde ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Agbára ni ohun tí o fi lè mú ènìyàn ṣe ohun tí kò fẹ́. Àṣẹ ni ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé kó ṣe é, tí òun pàápàá sì gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Adigunjalè ní agbára, kò ní àṣẹ. N kò kọ́ èyí nínú ìwé. Orí ilẹ̀ ẹbí wa ni mo ti kọ́ ọ.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ni ní Ìpetumodù, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Mo fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sórí ilẹ̀ ẹbí tó wà lọ́nà oko. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo ṣáà mọ̀ pé bàbá mi ló dáko níbẹ̀ kẹ́yìn. Ìyá Abíọ́nà, àbúrò bàbá mi obìnrin, ọmọ ìyá mìíràn, gbọ́, ó sì fẹjọ́ sun olórí ẹbí. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, màrìwò ti wà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n ta á láti ara igi kan dé ara èkejì. O mọ bí ó ṣe rí: bí wọ́n bá ti ta màrìwò sórí ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ro ó, kò gbọdọ̀ kọ́lé sí i, títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Ilé-ẹjọ́ wo ló fọwọ́ sí i? Ọlọ́pàá wo ló ń ṣọ́ ọ? Mo mú àdá, mo gé e, mo ní kí àwọn bíríkìlà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá. Wọ́n rí màrìwò nílẹ̀, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n gbé irin-iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Mo wá àwọn mìíràn kàn. Àwọn náà dé, wọ́n bi mí pé ta ló gé e, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó nà mí. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù mi wà níbẹ̀ títí koríko fi hù bò ó.

Ìyá Abíọ́nà ló wá bá mi nílé níkẹyìn.

“Ọmọ yunifásítì, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní o gé màrìwò.”

“Ẹ má bínú, mà. Ewé lásán ni.”

“Ewé lásán?” Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Bó bá jẹ́ ewé lásán, kí ló dé tí o fi mú àdá lọ bá a? Ìwọ ò kúkú ń mú àdá lọ bá ewé gbágùúdá.”

Ó jókòó, ó ní kí n fún òun lómi mu, ó mu ún tán, ó lọ.

Mojísọ́lá, Àjọkẹ́ mi, màrìwò kò ní ọlọ́pàá, síbẹ̀ ó dá iṣẹ́ dúró, torí àwọn tó rí i gbà pé ẹni tó ta á lẹ́tọ̀ọ́ láti ta á, pé ó sì tẹ̀ lé ọ̀nà tó yẹ. Ọ̀dà pupa tìrẹ ní Hílúùsì, ó ní katakata, ó ní àwọn ọmọkùnrin tó ń dúró lẹ́yìn rẹ. Bí o bá nílò gbogbo ìyẹn kí àwọn ènìyàn tó gbà fún ọ, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé kí ni ohun tí o mú lọ́wọ́ yẹn kò ní.

Èkejì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ẹbí, mo lérò pé olórí ẹbí yóò kàn dá mi lẹ́bi, kí a sì túká. Ó jókòó, ó ní, “Èmi ni mo ta màrìwò. Nítorí náà, èmi kọ́ ni n óò dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu wọn.” Ó sì dákẹ́ lóòótọ́. Wọ́n ní kí n sọ tèmi. Ẹnu mi dùn, mo sọ ọ́ pẹ́. Wọ́n ní kí Ìyá Abíọ́nà sọ tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé igi obì tó wà lórí ilẹ̀ náà, ìyá rẹ̀ ló gbìn ín, obì yẹn náà ni wọ́n sì ń tà tí bàbá mi fi rí ẹni rán an lọ sí ilé-ìwé. Ilẹ̀ náà di tirẹ̀. Wọ́n fún mi ní ibòmíràn. Kò sí ẹni tó pariwo.

Àwọn àgbà ní, a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Nínú ìwé, wọ́n pín ìjọba sí mẹ́ta: àwọn tó ń ṣòfin, àwọn tó ń mú òfin ṣẹ, àti àwọn tó ń dájọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rò pé kí iṣẹ́ lè yá ni wọ́n ṣe pín in. Rárá o. Kí ó má baà yá jù ni. Ìjọba tó bá ti yára jù láti wó ilé onílé, ó yẹ kí ara máa fu ènìyàn sí i. Wo ti ẹ̀yin yìí: Alága ló ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, Alága ló ní wọ́n jẹ̀bi, Alága ló rán katakata. Níbo ni ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù wà? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Má rò pé mò ń yin ayé àtijọ́ fún ọ o. Lójú mi báyìí, nínú agboolé wa níbí, ìpàdé ẹbí kan náà yẹn gba yàrá lọ́wọ́ opó kan, torí pé kò lọ́mọkùnrin tó dàgbà tó lè bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn ló fọwọ́ sí i. Gbogbo ènìyàn! Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣiyèméjì nípa ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ, pé ohun tí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́ ni ìjọba tiwa-n-tiwa. Àwọn tó pọ̀ lè fẹ́ ìkà. Ohun tí òfin wà fún ni ẹni tó dá wà, ẹni tí kò léèyàn. Ẹni tó léèyàn, ó ti rí ẹni gbèjà rẹ̀ kí òfin tó dé. Nígbà tí o bá dé ẹ̀yìn páàkì yẹn, má wo ẹni tó ń pariwo jù. Wo ẹni tó dákẹ́.

N kò mọ iye tó kù, jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀.

Ìjọba kì í ṣe ẹni tó wà lórí àga. Ẹni tó wà lórí àga yóò dìde lọ́jọ́ kan. Àga yóò wà níbẹ̀, ìlú yóò wà níbẹ̀, ìwọ náà, bí Ọlọ́run bá fẹ́, yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Owó oṣù rẹ, ìlú ló ń san án, àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn náà sì wà nínú àwọn tó ń san án. Ẹni tí kò dìbò fún Alága, ará ìlú Alága ni síbẹ̀. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ pé àwọn kan wà tí ìjọba jẹ́ tiwọn, tí àwọn kan sì wà tí wọ́n kàn ń gbé lábẹ́ rẹ̀, n kò mọ ohun tí mo fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ṣe níwájú pátákó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi Mállàm Sáni lọ́jọ́ kan, oníṣòwò ẹ̀wà tó wà ní Sábó tí o máa ń pè ní Bàbá Gúrèsì nígbà tí o wà ní kékeré torí ẹ̀pà gúrèsì tó máa ń bù fún ọ. Mo ní, “Mállàm, ṣé ìjọba máa ń dẹ́rù bà ọ́?”

Ó ní, “Ìjọba? Wàláì, Tíṣà, n kò tíì rí i rí. Ṣé ìwọ ti rí i? Ẹni tí ìjọba rán ni mo máa ń rí.”

“Ẹni tí ìjọba rán ńkọ́?”

“Ìyẹn ni mò ń bẹ̀rù. Bó bá jẹun yó wá, ire. Bó bá bá ìyàwó rẹ̀ jà kó tó jáde, mo gbé.”

A jọ rẹ́rìn-ín títí. Lóru yìí, n kò lè rẹ́rìn-ín sí i mọ́. Ọmọ mi ni ẹni tí ìjọba rán. Lójú àwọn ará ẹ̀yìn páàkì, kò sí ìjọba kankan níbì kan ju ìwọ lọ: ojú rẹ, ohùn rẹ, bí o ṣe kí wọn àbí bí o kò ṣe kí wọn.

Mo ti ka ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n tó ní ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ènìyàn bá ara wọn dá májẹ̀mú, pé kí oníkálukú fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú òmìnira rẹ̀, kí ìjọba lè máa dáàbò bò wọ́n. Ó dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ta ló wà níbi ìpàdé náà? Ta ló pe Ìyá Abíọ́nà sí i? Mo rò pé bí májẹ̀mú bẹ́ẹ̀ bá wà rárá, a kò dá a lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ là ń dá a, nígbàkigbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kan ilẹ̀kùn ẹnìkan. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn dáadáa, májẹ̀mú dúró. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ ta á, májẹ̀mú ti fọ́ nílé yẹn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù, kí n má fi ìwé bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn ènìyàn yóò ya lù ọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wó ohun tó fi ń jẹun kì í bi ẹni tó mú ọ̀dà lọ́wọ́ pé ọmọ ta ni. Alága kò ní sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ránni kì í sí níbẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú rú, wọn yóò ní àwọn kò rán ọ. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹnu náà ni wọn yóò fi sẹ́ ẹ. Òṣìṣẹ́ tuntun ló sì rọrùn jù láti dá lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù, n kò lè sọ ọ́ fún màmá rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní sí nǹkankan tó máa ṣẹlẹ̀. Pé ẹ ó dé ibẹ̀, ẹ ó kun ògiri, àwọn ènìyàn yóò dúró máa wò yín, ẹ ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Pé yóò rọrùn. Pé wọn yóò yìn ọ́, wọn yóò sì tún rán ọ, lẹ́ẹ̀kejì o kò ní bi ara rẹ ní ìbéèrè kankan mọ́. Lọ́jọ́ kan ìwọ náà yóò wà lórí àga, wàá máa fi ẹnu rán ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn búburú kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìkà tí ìjọba ń ṣe. Àwọn ọmọ dáadáa tí wọ́n kọ́ nílé ni, tí wọ́n ní àwọn kọ́ ni wọ́n ni ín.

Kí wá ni kí o ṣe? Mo ti kọ gbólóhùn kan síbí, mo ti fa igi lé e. Mo fẹ́ sọ pé má lọ. N kò ní sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe, èmi kọ́ ni wọn yóò lé. Mo ní owó ìfẹ̀yìntì tèmi. Ó rọrùn fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì láti gboyà fún ọmọ rẹ̀. N kò sì mọ̀ bóyá èmi gan-an, ní ọjọ́ orí rẹ, ì bá lè sọ pé rárá.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ohun tí mo bẹ̀ ọ́ nìyí. Sọ fún Alága, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kó kọ àṣẹ náà sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Bí inú bá bí i, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, lọ sí ẹ̀yìn páàkì kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, ìwọ nìkan, láìsí Hílúùsì, láìsí ọ̀dà. Kí wọn. Sọ orúkọ rẹ fún wọn. Wo èyí tó wà lórí gọ́tà lóòótọ́ àti èyí tí kò sí níbẹ̀, torí pé gọ́tà tí wọ́n dí yóò bo ilé ẹlòmíràn bí òjò bá dé, ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré. Fún àwọn tó wà lórí rẹ̀ níwèé àti àkókò tí òfin là sílẹ̀. Gbọ́ tẹnu wọn, kí o sì kọ ọ́ sínú fáìlì ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rí i. Àwọn tí kò sí lórí rẹ̀, má kan ògiri wọn. Bí wọ́n bá ní kí o sàmì sí gbogbo rẹ̀ àbí kí o kúrò lẹ́nu iṣẹ́, yàrá rẹ wà níbí. A ò tíì kó nǹkankan sí i.

N kò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn yìí yóò gbà ọ́, àbí yóò kó bá ọ. Mo ti wò ó síwá sẹ́yìn, n kò mọ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọ torí pé o gbọ́ tèmi, èmi náà yóò jẹ́ ẹni tó ránni tí kò sí níbẹ̀. Ìyẹn pàápàá wà nínú ohun tó ń dẹ́rù bà mí.

Màmá rẹ ti jí. Ó ti wẹ̀, ó ti di ẹrù. Ó dúró lẹ́yìn mi pẹ́ díẹ̀, ó ń kà á láti ẹ̀gbẹ́ èjìká mi. Mo rò pé yóò bú mi.

Ó ní, “Ẹ ti parí?”

Mo ní, “Ó kù díẹ̀.”

Ó tún aṣọ rẹ̀ ró. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ó bá máa lọ, kó wọ bàtà tó ṣeé sáré.”

Mo kọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo gbójú sókè wò ó, ó ti yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wá ìdí tí èlùbọ́ fi wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ ni. Ojúmọ́ ti mọ́ lójú fèrèsé. Mo ti pa àtùpà.